Abẹ́rẹ́ Kẹjọ

Ẹni tó bá ti wọ ibi iṣẹ́ mi rí mọ̀ pé n kì í fi ojúure wo ìdọ̀tí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń sọ lẹ́yìn mi pé ọ̀gá lè gbójú fo oúnjẹ ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò lè gbójú fo ègé awọ tó já bọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mẹ́jọ ló wà lára pákó tí mo kàn mọ́ ògiri. Méje ni mo fi ń rán awọ. Ìkẹjọ tóbi jù, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, kò sí awọ gidi kan tí èèyàn lè fi rán kó dára, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń kà á mọ́ àwọn yòókù. Tí wọ́n bá bi mí léèrè ìdí rẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n fa àpótí kí wọ́n jókòó, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ìyá mi kó iṣẹ́ awọ rẹ̀ wọ inú ilé.

Ìró ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ilé yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Ìyá Àgbà ti wà nídìí agbada lẹ́yìnkùlé, ó ń yan gàrí, àfọ́kù igbá tó fi ń rò ó á sì máa ha ìsàlẹ̀ agbada náà láìdákẹ́. Èéfín igi á gba ojú fèrèsé wọlé, òórùn kíkan ẹ̀gẹ́ á tẹ̀ lé e, ikọ́ Ìyá Àgbà á wá gbẹ̀yìn. Gàrí rẹ̀ kì í ṣe gàrí yẹpẹrẹ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ń gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́ títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí á sì kan dé ibi tó fẹ́. Obìnrin kan tí a ń pè ní Ìyá Èkó máa ń wá kó o lọ tà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ó sì máa ń sọ pé àwọn oníbàárà òun kì í bèèrè gàrí Ìjẹ̀bú, gàrí Ìyá Àgbà ni wọ́n ń bèèrè. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Òkè Ọya, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń rí i, nítorí náà èmi, ìyá mi àti Ìyá Àgbà la jọ ni ilé náà. Ká má parọ́, Ìyá Àgbà ló ni ín. Àwa méjèèjì kàn ń gbé ibẹ̀ ni.

Ọ̀yọ́ ni ìyá mi ti wá. Iṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀. Kò bí ọmọkùnrin, nígbà tó sì rí i pé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ́ ju tòun gan-an lọ, ó kọ́ ọ níṣẹ́ náà láìfi nǹkan kan pamọ́. Báàgì, sálúbàtà, bẹ́líìtì, àpò Kùránì, kò sí èyí tí kò lè ṣe, ṣùgbọ́n tìmùtìmù ló gbajúmọ̀ fún jù, ìjókòó awọ róbótó aláràbarà tí àwọn èèyàn ń gbé sí pálọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Ìjẹ̀bú, ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan ló háyà létí ọjà. Òjò gba inú páànù wọlé, nǹkan funfun hù sára awọ, eku sì jẹ èyí tó ṣẹ́ kù. Mo rántí bó ṣe jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ tó rí i, tó tẹ́ awọ ewúrẹ́ kan lé itan, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Kò sunkún. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju kó sunkún lọ. Nígbà tí bàbá mi délé lóṣù yẹn, ó bẹ Ìyá Àgbà pé kó fún ìyàwó òun ní yàrá kan tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí Ìyá Àgbà ń kó igi ìdáná àti apẹ̀rẹ̀ àtijọ́ sí.

Ìyá Àgbà kò dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ tán, ó ṣan ọwọ́, ó lọ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló pe ìyá mi sí ìdí agbada.

"Ìyá Rísì, mo ti fún ẹ ní yàrá. Àmọ́ o mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni gàrí mi ti ń tutù. Ọjọ́ tí nǹkan iṣẹ́ rẹ bá wọ inú gàrí mi, ìbáà ṣe irun awọ, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wàá kó ẹrù rẹ jáde. Mi ò ní bínú, mi ò ní pariwo. Wàá kàn kó o ni."

"Mo gbọ́, Màámi," ni ìyá mi sọ lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ ṣé. Ẹ kú oore."

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi tún yàrá náà ṣe, mo sì lè sọ pé mi ò tíì rí ẹni tó tún yàrá ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. A kó igi jáde, a fọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá mi po símẹ́ńtì sínú agolo mílíìkì ó fi dí gbogbo ihò eku, ó kun ògiri ní ọ̀dà funfun kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀. Tábìlì wà lábẹ́ fèrèsé kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ má baà bo ibi tó ń gé. Ó ta okùn sókè láti ògiri dé ògiri, ibẹ̀ ni awọ ń gbé, kì í fi ara kan ilẹ̀. Kì í ṣẹ́ awọ po bí aṣọ, kíká ló ń ká a bí ẹní, nítorí ibi tí a bá ti ṣẹ́ awọ po ni á ti sán. Apẹ̀rẹ̀ méjì ló wà lábẹ́ tábìlì, ọ̀kan fún àwọn ègé tó ṣì wúlò, ọ̀kan fún àwọn tí kò wúlò mọ́, ó sì máa ń bi mí pé apẹ̀rẹ̀ wo ni èyí ń lọ, títí ojú mi fi mọ ìyàtọ̀. Gọ́ọ̀mù àti aró ní ìdérí, wọ́n sì wà ní igun tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kí òórùn wọn má baà bá gàrí.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan pákó gbọọrọ kan mọ́ ògiri. Ó gbé irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lé e, ọ̀bẹ, sísọ́ọ̀sì, hámà, irin ṣóńṣó tó fi ń lu awọ ní ihò, ó sì fi èédú fa ìlà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká kó tó kan ìṣó tí á máa fi gbé e kọ́. Tí o bá mú hámà kúrò, àwòrán hámà á ṣẹ́ kù síbẹ̀ tí á máa wò ọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá ló fa ìlà kéékèèké méje sí fún abẹ́rẹ́ rẹ̀ méje, láti orí èyí tó tóbi dé orí èyí tó tín-ín-rín. Kò tán síbẹ̀. Nínú rédíò bàbá mi tó ti bàjẹ́, ó yọ irin dúdú róbótó kan tó máa ń fa irin mọ́ra, èyí tí tíṣà wa pè ní òòfà. Ó so okùn mọ́ ọn. Bí a bá ti gbálẹ̀ tán ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń wọ́ òòfà náà káàkiri ilẹ̀, dé ìsàlẹ̀ tábìlì, dé ẹnu ọ̀nà, kí ìṣó tàbí abẹ́rẹ́ kankan má baà bọ́ mọ́ wa lójú. Lẹ́yìn ìyẹn, màá dúró síwájú pákó, màá ka abẹ́rẹ́, màá wá sọ sókè pé, "Méje, ó pé." Ìyá mi kì í ti ilẹ̀kùn títí yóò fi gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo máa ń pariwo "ó pé" yẹn kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́ pé a fọkàn tán mi. Ìyá Àgbà á dáhùn láti ìdí agbada pé, "A gbọ́ o, akọ̀wé abẹ́rẹ́." Kò wọ yàrá náà rí lójú wa. Ó máa ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á na ọrùn, á wo ilẹ̀ láti igun dé igun, á sì bá tirẹ̀ lọ. Tí a bá ń jẹun, á mú pọ̀nmọ́ kan sókè nínú ọbẹ̀, á bi ìyá mi pé ṣé kí òun jẹ èyí ni, àbí kó fi rán báàgì. Ìyá mi á ní kí Màámi máa jẹ ẹ́, ó ti rọ̀ jù fún báàgì. Ní tèmi, ẹ̀fẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti ń mọ ara wọn lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gàrí ṣì wà ní ipò rẹ̀.

Ó wá di ìgbà tí Iléyá ń bọ̀. Alhaji kan ládùúgbò gbé iṣẹ́ tìmùtìmù mẹ́fà wá, iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tí ìyá mi rí gbà láti ìgbà tó ti dé Ìjẹ̀bú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ilé kejì sí tiwa ra tẹlifíṣọ̀n. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ìyá mi lọ ra aró lọ́jà, ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó bi mí pé ṣé mo ti ka abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ mi kan ti wà níta, mo ní, "Méje, ó pé." Mi ò tilẹ̀ wo pákó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà bẹ́ẹ̀, Ọjọ́rú náà bẹ́ẹ̀. Gígé àti kíkùn ni ìyá mi ń ṣe lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà yẹn ni bí irọ́ náà ṣe rọrùn tó. Ohùn kan náà ni, kò sẹ́ni tó fura.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ti iléèwé dé, mo bá ìyá mi tó dúró síwájú pákó. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Abẹ́rẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ìlà abẹ́rẹ́ tó tóbi jù ṣófo.

"Rísì, nígbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

Mo gbìyànjú láti sọ pé àná. Mo tún wo ìlà tó ṣófo náà. Mo ní, "Ọjọ́ Àìkú."

"Mo ní kí o kà á lánàá. O ní ó pé."

"Mi ò kà á, Màámi. Mi ò kà á láti ọjọ́ Ajé."

Kò nà mí. Ó wo ojú mi, ó wá yíjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àpò gàrí márùn-ún wà níbẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, Ìyá Àgbà ti rán ẹnu wọn. Ìyá Èkó ń bọ̀ wá kó wọn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an. Lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tó rán wọn, orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo gàrí náà wà, èmi náà sì ti gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. A kọ́kọ́ wá abẹ́rẹ́ náà. A wọ́ òòfà káàkiri, a tú apẹ̀rẹ̀ méjèèjì, a gbọn gbogbo awọ tó wà lórí okùn. A ò rí i. Ìyá mi wá jókòó, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí èmi náà ń rò ó. Tó bá dákẹ́, bóyá abẹ́rẹ́ náà kò sí nínú gàrí rárá, yàrá funfun wa á sì wà bó ṣe wà. Tó bá sọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀bù páànù la tún ń padà sí, tòun ti iṣẹ́ Alhaji lọ́wọ́. Àmọ́ ẹnì kan tí a ò mọ̀ lè tẹ ẹ̀bà l'Ékòó lọ́la kó gbé abẹ́rẹ́ mì. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó mú mi lọ́wọ́, a lọ bá Ìyá Àgbà.

"Màámi, abẹ́rẹ́ mi kan sọnù láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ ibi tó wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó gàrí yẹn."

Ìyá Àgbà bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, bóyá mo kà á tàbí mi ò kà á. Mo ní mi ò kà á. Ó sọ àfọ́kù igbá kalẹ̀.

"Ẹ gbé ajọ̀ wá. Ẹ tẹ́ ẹní. Ìyá Rísì, o mọ ohun tí a jọ sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, Màámi. Lọ́la ni màá kó o."

Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀ sí í jọ gàrí. Ìyá mi ń tú ẹnu àpò, Ìyá Àgbà ń jọ̀ ọ́, èmi ń wọ́ òòfà nínú èyí tí wọ́n ti jọ̀ kalẹ̀. Àpò kìíní tán, kò sí nǹkan kan. A wà lórí ìkejì nígbà tí Ìyá Èkó dé. Ó kí wa, ó sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ẹ̀yin náà, Ìyá," ló wí, "àpò márùn-ún nítorí abẹ́rẹ́ kan? Ẹ jẹ́ n máa gbé e lọ. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ti mọ̀," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Jókòó, kí o bá wa mú etí ẹní yìí."

Ìyá Èkó bọ́ bàtà, ó sì jókòó. Ìyẹ̀fun gàrí bo ojú gbogbo wa. Mo ń sunkún díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe nítorí ìyà, ṣùgbọ́n nítorí pé mo ń rí ọwọ́ ìyá mi bó ṣe ń tú okùn àpò jẹ́jẹ́, tó ń ká a, tó ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n lè tún un lò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lé e jáde, ó ṣì ń tò ó.

A wà lórí àpò kẹta nígbà tí ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró lórí ajọ̀. Ó gbójú sókè, ó wo àwọn àpò méjì tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó pẹ́ tó fi ń wò wọ́n. Ó lè sọ pé òun fẹ́ ṣe àlùwàlá, kó gba ibẹ̀ kọjá, kó na ọwọ́. Kò sẹ́ni nínú wa tí ì bá fura. Dípò ìyẹn, ó sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ìyá Rísì, lọ sídìí èyí tó wà ní ìkangun yẹn. Má tíì tú u. Fi ọwọ́ wá ibi tí aṣọ rẹ̀ ṣẹ́ po, ní igun ọwọ́ òsì."

Ìyá mi fi ọwọ́ wá a. Ó fa abẹ́rẹ́ náà yọ láti inú ẹnu àpò, ó sì gbé e sókè. Okùn àpò ṣì wà lójú rẹ̀, nǹkan bí ìka ọwọ́ kan ní gígùn. Okùn ìyá mi kọ́ nìyẹn. Òwú tó fi ń rán awọ tín-ín-rín, ó sì máa ń fi ìda oyin pa á.

"Èmi ni mo mú un," ni Ìyá Àgbà wí. "Ojú abẹ́rẹ́ tèmi já nígbà tó ku àpò kan lọ́jọ́ Ajé. O ti lọ sọ́jà. Mo wọlé, mo mú tìrẹ. Bí mo ṣe rán an tán ni wọ́n ń pe ìrun, mo tì í bọ ibẹ̀, mo ní màá padà wá mú un. Ó lọ lórí mi pátápátá." Ó wá kọjú sí mi, ó fi oríkì mi pè mí. "Àṣàkẹ́, ká ní o kà á lálẹ́ ọjọ́ náà, ǹ bá ti rántí. Ìwọ purọ́, èmi tẹ òfin ara mi lójú. Nu ojú rẹ."

Ìyá mi yọ okùn náà kúrò lójú abẹ́rẹ́, ó ká a, ó tò ó mọ́ àwọn yòókù. Ìyá Àgbà sì mú ajọ̀ rẹ̀, ó ní a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ó parí rẹ̀, a sì jọ àpò márààrún tán kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá Èkó ló jẹ èrè ọ̀rọ̀ náà, nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní gàrí ọ̀sẹ̀ yẹn kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láti ìgbà náà ló sì ti ń dá Ìyá Àgbà lágara pé ẹ̀ẹ̀mejì ni kó máa jọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní Ìyá Àgbà sọ pé tí nǹkan iṣẹ́ òun bá wọ inú gàrí, òun á kó ẹrù jáde, kò sọ pé àfi tó bá jẹ́ ọwọ́ òun ló fi síbẹ̀. Ọ̀yọ́ tó wà lára ìyá mi nìyẹn, kì í bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó ti gbà. Ó ká àwọn awọ sílẹ̀ láti orí okùn, ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà. Pákó nìkan ló kù tí kò tíì fọwọ́ kàn nígbà tí Ìyá Àgbà ti ìrun Jímọ̀ọ̀ dé. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí awọ tí a kó jọ. A retí pé á na ọrùn bó ṣe máa ń ṣe.

"Àgò o," ló wí.

Mi ò rí i rí kí Ìyá Àgbà kágò ní ẹnu yàrá kankan nínú ilé yẹn, ilé tó jẹ́ pé òun ló gé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀.

"Àgò yà, Màámi. Ẹ wọlé."

Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ tuntun kan jáde, irú tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ tí a fi ń rán àpò, ó rà á lọ́jà bó ṣe ń bọ̀. Ó wo pákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo àwòrán hámà, ó wo ìlà méje.

"Ìyá Rísì, níbo ni tèmi máa wà?"

Ìyá mi wá èédú. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà lé pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tín-ín-rín jù, ó fa ìlà yí i ká, ẹnu rẹ̀ tó tẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà gbé awọ kìíní láti ẹnu ọ̀nà, ó nà án sí ìyá mi pé kó gbé e padà sórí okùn, kí gàrí òun lè ráyè tutù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo ti ní ibi iṣẹ́ tèmi báyìí, ó tóbi ju yàrá yẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn èèyàn máa ń yìn mí pé mo létò, wọ́n rò pé ìyá mi nìkan ló kọ́ mi. Ìyá mi kọ́ mi ní ibi tí nǹkan ń gbé lóòótọ́. Ìyá Àgbà ló kọ́ mi pé tí nǹkan kò bá sí níbẹ̀ mọ́, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ mi ló mú un, kí n sọ ọ́ sókè lójú gbogbo ènìyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, a gbálẹ̀, mo wọ́ òòfà, mo sì dúró síwájú pákó. Ìyá mi ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ìyá Àgbà wà nídìí agbada, àfọ́kù igbá rẹ̀ ti dákẹ́. Mo fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mi ò sáré.

"Mẹ́jọ," mo pariwo, "ó pé."